Bẹ́ ẹ ṣe lè dín ariwo inú bàálù kù, láti orí ìjókòó tẹ́ ẹ máa yàn títí bàálù á fi balẹ̀

Ó ti tó ẹni mẹ́rin márùn-ún tó ti sọ fún mi pé àwọn ra hẹ́dífóònù olówó ńlá nítorí ìrìnàjò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n máa fi balẹ̀ orí ń fọ́ wọn, etí ń hó, àfi bíi pé jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kò sóhun tó ṣe hẹ́dífóònù yẹn, ariwo inú bàálù ni kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ohun tó ń pa ọ̀kan ò sì ń pa èkejì.

Ẹ jẹ́ n yà wọ́n sọ́tọ̀ kíá. Àkọ́kọ́ ni "hùùù" tí kì í dúró, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe ìyẹn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń ha ara bàálù bó ṣe ń sáré. Èkejì ni "ṣììì" tó ń ti ihò ẹ́síì jáde lókè orí yín. Ẹ̀kẹta ni ariwo èèyàn: ọmọ tó ń ké, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé ó wà lọ́jà, kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ń fa omi lọ pẹ̀lú "fààà" yẹn. Hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo, èyí tí wọ́n ń kọ ANC sí lára, àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀. Fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí ló ń ran yín lọ́wọ́ lórí èkejì àti ẹ̀kẹta. Ìjókòó tẹ́ ẹ yàn sì kan gbogbo wọn.

Tí bàálù bá ti wà lókè tó ń lọ dáadáa, ariwo inú ẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 75 sí 85 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ wà nínú 85 dB ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀, Èkó sí Atlanta sì lé ní mọ́kànlá. Torí náà, kì í ṣe oorun nìkan là ń wá.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fóòmù etí, páálí kan. Ẹ wo ara ẹ̀, wọ́n máa ń kọ NRR sí i, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lè dín ariwo kù tó, ẹ mú èyí tó wà láàrin 29 sí 33. Tí ihò etí yín bá kéré (ti ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń kéré), ẹ wá èyí tó kéré, ẹ má fi tipátipá ki èyí tó tóbi.
- Hẹ́dífóònù ANC tó bo gbogbo etí, pẹ̀lú wáyà ẹ̀. Ẹ má gbàgbé wáyà yẹn sílé o.
- Púlọ́ọ̀gì kékeré ẹlẹ́nu méjì, torí àwọn bàálù kan ṣì wà tó jẹ́ ihò méjì ni wáyà hẹ́dífóònù ń wọ̀ lápá ìjókòó wọn.
- Pawà báǹkì. Inú báàgì tẹ́ ẹ máa gbé lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ (Wh ni iye iná tó lè gbà) ni wọn kì í bá èèyàn fà. Tiyín bá jẹ́ 20,000 mAh, bíi 74Wh ni, kò séwu.
- Ṣíńgọ́ọ̀mù tàbí súìtì.
- Ohùn òjò lórí fóònù. Mo máa ṣàlàyé.

Tówó ò bá ká méjèèjì, fóòmù ni kẹ́ ẹ rà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta hẹ́dífóònù ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ òótọ́ ni.

1. Ìjókòó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń kọ irú bàálù tó máa gbé yín sí ẹ̀gbẹ́ aago tó máa gbéra: Boeing 777, Airbus A350, CRJ900, ATR 72, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibẹ̀ rárá, owó nìkan ni wọ́n ń wò. Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Tí ẹ́ńjìnnì bá wà lábẹ́ apá, bíi ti 777, 737, A320 àti A350, iwájú apá ni kẹ́ ẹ jókòó sí, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń tu ariwo sí, bí ẹ ṣe ń lọ sẹ́yìn ló ń pọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ ìdí bàálù ni wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́, bíi CRJ900 tí Ibom Air àti ValueJet ń lò láàrin Nàìjíríà, ẹ sá fún àwọn ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ẹ wá síwájú. Èyí tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni ATR 72, èyí tó ní fáànù ńlá níwájú ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn yàtọ̀, torí apá iwájú ni fáànù yẹn ti ń gbá afẹ́fẹ́ lu ara bàálù, ẹni tó bá sá wá síwájú ẹ̀gbẹ́ fáànù gan-an ló sá wá. Ẹ̀yìn ló dáa nínú tiẹ̀, ẹ̀yìn náà sì lẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà wọlé wà, ẹ ò tiẹ̀ ní rìn jìnnà.

Tẹ́ ẹ bá rí bàálù méjì tí owó wọn jọra, tí ọ̀kan jẹ́ A350 tàbí 787, tí èkejì jẹ́ bàálù àtijọ́, ẹ mú ti ìgbàlódé, ariwo wọn kéré sí i.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n á gbọ́ pé iwájú dáa, wọ́n á wá lọ yan ìlà àkọ́kọ́ gan-an, níbi tí ògiri wà níwájú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so ibùsùn ìkókó mọ́! Ẹ sá fún ẹ́ńjìnnì, ẹ wá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Ẹ fi ìlà mẹ́ta mẹ́rin sáàrin yín àti ògiri yẹn, ẹ sì jìnnà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ oúnjẹ, torí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lóru. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà máa ń pariwo díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, afẹ́fẹ́ ń ha ògiri yẹn. Àmọ́ èmi fúnra mi ṣì ń yan fèrèsé, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa jí mi pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Mo kàn máa ń rí i pé orí mi ò kan ògiri.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lórí àwòrán ìjókòó tí wọ́n fi hàn yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ya apá sí, kẹ́ ẹ ka iye ìlà tó wà láàrin yín àti apá ọ̀hún. Tó bá sì ku ọjọ́ kan tẹ́ ẹ máa fò, tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe check-in, ẹ tún un wò, torí wọ́n lè ti pààrọ̀ bàálù, kí ìjókòó tẹ́ ẹ fi gbogbo ọgbọ́n yan wá di ti ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

2. Fóòmù etí: ilé ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ

Ibí gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Ohun tí mo máa ń rí nínú bàálù ni pé èèyàn á mú fóòmù, á kàn fi dé ẹnu etí bí ẹni fi kóòkì dé ìgò, ìdajì ẹ̀ á ṣì wà níta, tó bá yá á ní kò ṣiṣẹ́. Kò lè ṣiṣẹ́ náà! Fóòmù tí kò bá wọlé, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ẹ fọwọ́ yín kọ́kọ́. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí fóòmù náà bí ẹni ń yí òwú àtùpà, ẹ rọra máa yí i títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ má jẹ́ kó kán, torí ibi tó bá kán sí lariwo máa gbà wọlé. Tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ṣe kíá, torí ó ti ń wú padà nìyẹn. Tó bá jẹ́ etí ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ló máa mú fóòmù, ọwọ́ òsì á gba ẹ̀yìn orí kọjá lọ di etí ọ̀tún mú lókè, á fà á sókè, á fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ihò etí ò lọ gbọọrọ bíi páìpù, ó kọ́lọkọ̀lọ, fífà yẹn ló ń nà án. Ẹ wá ti fóòmù wọlé, ẹ fi orí ìka dì í mú síbẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ọgbọ̀n. Ẹ má fò ó o, ẹ kà á dé ọgbọ̀n. Ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ bí ariwo ṣe ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wú kún inú etí. Ẹ ṣe ti òsì náà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é tó bọ́ sí i, inú pálọ̀ ni mo wà, tí fáànù ń yí lókè tí tẹlifíṣàn wà ní títàn, mo dé bíi méjìlélógún nínú kíkà mi, mo rí i pé mi ò gbọ́ fáànù mọ́, mo gbójú sókè wò ó, ó ṣì ń yí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo fóòmù lọ́nà òdì kí n tó mọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀nà mẹ́ta ni. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ó yẹ kí ohùn yín máa dún nínú orí yín bí ẹni tó wà nínú àgbá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí dáadáa, tí ariwo bá tún lọ sílẹ̀ gan-an, á jẹ́ pé fóòmù ò wọlé tó, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ tún dúró níwájú dígí, kẹ́ ẹ wo ara yín lójúkojú, tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí fóòmù tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò tíì wọlé.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ara páálí yẹn: tí wọ́n bá kọ 33, ẹ má rò pé 33 dB ló máa yọ kúrò. Ìṣirò tí OSHA, àwọn tó ń ṣòfin ààbò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń lò ni pé kẹ́ ẹ yọ 7, kẹ́ ẹ dá èyí tó kù sí méjì. Á ku 13. Bàálù tó ń pa ariwo 82 á wá di 69 létí yín. Ó dà bí ẹni pé kò pọ̀, àmọ́ ohun tó bá fi 10 dB lọ sílẹ̀, bíi ìdajì ni etí ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì kì í dáadáa máa ń rí ju 13 yẹn lọ.

Ìkìlọ̀: ẹni tí etí ẹ̀ ń ṣọyún tàbí tí awọ etí ẹ̀ ti lu, kó má fi nǹkan kan sí i láìrí dókítà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ ro etí lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fò, mo mọ̀ pé ó ń dùn, àmọ́ ṣe lẹ máa ti èérí sínú, fóòmù á wá tì í síwájú sí i.

3. Hẹ́dífóònù: ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀

Máìkì kéékèèké wà lára hẹ́dífóònù ANC tó ń gbọ́ ariwo ìta, á wá dá irú ariwo yẹn ní òdìkejì, táwọn méjèèjì bá pàdé nínú etí wọ́n á pa ara wọn. Ariwo tó rẹlẹ̀ tí kì í yí padà ló rọrùn fún un. Igbe ọmọ ga, ó sì ń yí padà, kò lè bá a. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbé e sórí tẹ́ ẹ ṣì ń gbọ́ ọmọ, ẹ má bínú sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò kó tó dọjọ́ ìrìnàjò: ẹ lọ dúró nítòsí jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, I-better-pass-my-neighbour, ẹ gbé e sórí láìtan orin kankan, ẹ tan ANC, ẹ pa á, ẹ tún tàn án. Ìró tó rẹlẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ kíákíá bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá tàn án tẹ́ ẹ pa á tí kò sí ìyàtọ̀, ayédèrú nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ohun tó wà níbẹ̀ jù ni pé tìmùtìmù hẹ́dífóònù gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara yíká etí, kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo. Fìlà ń fa àlàfo. Wíìgì ń fà á, irun dídì náà, apá ìgò ojú, yẹtí ńlá. Gèlè wá ni baba gbogbo wọn.

Ìyá kan jókòó tì mí nígbà kan, ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń lọ bá, ọmọ náà ló sì ra hẹ́dífóònù ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n gbé e lé orí gèlè. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn mí: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi wò ó, ó jọ pé nǹkan yìí ti bàjẹ́." Mo gbà á, iná ẹ̀ ń tàn, ANC wà ní títàn. Mo ní, "Mọ́mì, kò bàjẹ́ o, gèlè yín ni." Wọ́n wò mí. "Gèlè mi ṣe kí ni?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣẹ́ ẹ sókè kó kúrò létí nìkan, wọn ò ní tú u. Wọ́n ṣẹ́ ẹ sókè, mo bá wọn gbé hẹ́dífóònù sí i, mo rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Ojú wọn yí padà lójijì, wọ́n di apá mi mú gírígírí, wọ́n pariwo tí gbogbo èèyàn fi gbọ́: "Háà! Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì ni?"

Tó bá jẹ́ kékeré tó ń wọ inú etí lẹ ní, ẹ gbìyànjú gbogbo rọ́bà tó bá a wá, kékeré, àárín àti ńlá, etí ọ̀tún lè gba ọ̀kan kí tòsì gba òmíràn. Tí ANC bá ń ṣe yín bíi pé nǹkan ń tẹ etí yín, ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, ẹ dín in kù nínú áàpù ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tó bá wà lórí yín, ẹ fi ìka gbé tìmùtìmù kan sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, nǹkan kan ń jẹ́ kó jò.

4. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó

Èyí ò gba àkókò. Tí ihò afẹ́fẹ́ bá wà lókè orí yín, ẹ yí i títí á fi tì, tàbí kẹ́ ẹ darí ẹ̀ síbòmíì, "ṣììì" yẹn sún mọ́ yín ju ẹ́ńjìnnì lọ, afẹ́fẹ́ tó bá sì ń fẹ́ lu máìkì hẹ́dífóònù máa ń di ariwo tuntun létí yín. Ẹ bá ẹnìkejì yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ti tiẹ̀ o. Tí bọ́ọ̀dù fèrèsé tàbí tábìlì ẹ̀yìn ìjókòó bá ń gbọ̀n kakaka, ẹ ká tíṣù kékeré kan há a.

Tó bá jẹ́ A320 lẹ wọ̀, tẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan tó ń gbó bí ajá lábẹ́ ilẹ̀ kí bàálù tó gbéra, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ kan tó ń gbé agbára láti apá kan lọ sí èkejì ni, kò sẹ́ni tó gbé ajá wọlé.

Ẹ má tíì dí etí nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ààbò. Táwọn òṣìṣẹ́ bá ní kẹ́ ẹ yọ hẹ́dífóònù nígbà tí bàálù fẹ́ gbéra, ẹ yọ ọ́.

5. Tí ariwo èèyàn bá wá bẹ̀rẹ̀

Bàálù ti gòkè, wọ́n ti jẹun tán, ọmọ ìlà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fóòmù sínú etí bẹ́ ẹ ṣe kọ́ ọ nílé, ẹ wá gbé hẹ́dífóònù lé e, ẹ tan ANC. Àwọn kan á máa wò yín bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Kì í ṣe pé ẹ máa ro agbára àwọn méjèèjì pọ̀ o. Ìlànà tí OSHA ń tẹ̀ lé tí èèyàn bá lo méjì pọ̀ ni pé kẹ́ ẹ kàn fi 5 dB kún èyí tó lágbára jù nínú wọn. Àmọ́ 5 yẹn wúlò gan-an lóru.

Ẹ wá tan òjò. Mo ti gba ohùn òjò sílẹ̀ sórí fóònù mi, òjò orí páànù ilé wa ní Ìbàdàn, bíi ogójì ìṣẹ́jú, mo máa ń jẹ́ kó máa tún ara ẹ̀ lò. Ìró tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń bo ohùn èèyàn mọ́lẹ̀ láìsí pé ẹ gbé e sókè. Orin ò dáa tó òjò, torí àárín orin máa ń dákẹ́, àárín yẹn lẹ máa gbọ́ ọmọ.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ba etí ara wọn jẹ́ rèé: wọn ò dí ariwo, wọ́n wá gbé ohùn fíìmù sókè kó lè borí ẹ́ńjìnnì. Etí wá ń gbọ́ méjèèjì. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló yẹ kí àgbàlagbà má kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń fi íápíìsì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín nínú bàálù wo fíìmù lè ti kọjá 80 látìgbà tí wọ́n ti gbéra.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ fóònù yín, ó yẹ kí ohùn ẹ̀ má kọjá bíi ìdajì. Tẹ́ ẹ bá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú fíìmù, nǹkan kan ń jò, ẹ padà sí ìpele kẹta.

Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ dání, ẹ má fi fóòmù sétí ìkókó láé, ó lè yọ ọ́ kó gbé e mì. Èyí tó ń bo etí látìta, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, ni kẹ́ ẹ rà.

6. Kí bàálù tó balẹ̀

Tó bá ku bíi ogójì ìṣẹ́jú, ẹ yọ fóòmù, ẹ má sùn lọ pẹ̀lú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń yí padà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, fóòmù tó há pinpin lè jẹ́ kó dun yín. Ẹ rọra yí i kẹ́ ẹ tó fà á, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ má fà á yọ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ wá máa jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù yín, ẹ máa gbé itọ́ mì. Ọmọ tó ń mu ọmú, ẹ fún un lọ́mú lásìkò yẹn. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe gan-an kó tó wọ bàálù, ìrora lè pọ̀ fún un, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tẹ́ ẹ bá ti jáde síta: ẹ dúró níbì kan tó dákẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Tí kò bá sí ìró kankan tó ń hó nínú etí yín, gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sí i, ẹ da fóòmù tẹ́ ẹ lò nù, ẹ mú tuntun nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà. Tó bá ń hó díẹ̀ tó sì lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ẹ wo ìpele kejì dáadáa kẹ́ ẹ tó tún fò. Tó bá wá di ọjọ́ kejì tó ṣì ń hó, tàbí tí ohùn àwọn èèyàn ṣì ń dún bíi pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ lọ rí dókítà etí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òróró gbígbóná sí i.